Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìlú: Iṣẹ́ Àwọn Aṣòfin tí A Dìbò Yàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ilé ìkàwé ní ìletò

 Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà kò le, ṣùgbọ́n a máa ń gbójú fò ó títí di ìgbà tí ó bá pa wá lára. Òun ni iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn máa ṣe nínú ìjọba ìpínlẹ̀ wa.

Bí mo bá bi ènìyàn ní ọjà pé, "Kí ni aṣòfin yín ń ṣe?" ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ọ̀kan á ní, "Ó pín ìrẹsì fún wa nígbà ọdún." Òmíràn á ní, "Ó ra ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn obìnrin wa." Ẹ̀kẹta á fi ìbínú wí pé, "Àní kò yọjú síbi ìsìnkú bàbá mi!" N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìrẹsì tàbí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tí ebi ń pa kì í bá ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá ṣe àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán aṣòfin náà. Bí a kò bá sì mọ iṣẹ́ tí a rán ènìyàn, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí ó bá jẹ́ ẹ tàbí kò jẹ́ ẹ?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ẹ mọ̀ dáadáa ṣe àpẹẹrẹ. Púpọ̀ nínú yín wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ ní alága tí ń darí iṣẹ́, ó sì ní àpótí tí owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ yan àwọn kan láàárín ara yín tí wọn yóò jókòó, tí wọn yóò pinnu iye tí alága lè ná àti ohun tí yóò ná an lé lórí, tí wọn yóò sì yẹ ìwé wò ní ìparí ọdún. Àwọn wọ̀nyí ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ wọn. Ǹjẹ́ bí ẹ bá gbọ́ pé alága fi àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé wọn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé láì kà á, ṣé ẹ ó jó, ẹ ó yọ̀? Bí wọ́n bá sì bu ìrẹsì díẹ̀ fún yín nínú èyí tí alága fún wọn ńkọ́? Àwọn àgbà wí pé ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Bí ọ̀rọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Gómìnà àti àwọn kọmíṣọ́nnà rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Àwọn adájọ́ ni ó ń sọ ìtumọ̀ òfin, tí wọ́n sì ń parí ìjà. Àwọn aṣòfin ni ó ń ṣe òfin, tí wọ́n ń fún Gómìnà ní àṣẹ láti náwó, tí wọ́n sì ń bojú wo bí ó ṣe ná an. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnì kan gba ti ẹnìkejì ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ òkèèrè ni a ti kó ọgbọ́n yìí wá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kò dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè méje tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, pẹ̀lú Baṣọ̀run tí ó jẹ́ olórí wọn, ni ó ń bá a dámọ̀ràn, wọ́n sì lágbára láti kọ ọba tí ó bá tẹ ìlú mọ́lẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìdílé ni ó ń bí ìjòyè sí ipò rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ní òde òní ìbò yín, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín, ni ó ń gbé aṣòfin dé ipò rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà sì lè rántí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn tí ó wà ní Ìbàdàn. Ní oṣù keje ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awokoya, tí ó jẹ́ Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú Ilé náà. Àbá náà kò rọrùn, nítorí kò sí bí a ṣe lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kí a sì san owó olùkọ́ láì gba owó lọ́wọ́ ará ìlú. Wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n wá owó rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láì gba owó ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ju 800,000 lọ. Òmíràn nínú àwọn tí ó jókòó níhìn-ín lónìí lè jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ohun tí aṣòfin lè ṣe nìyẹn bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àpò ìrẹsì tí ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ta ni aṣòfin ìpínlẹ̀? Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó dá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iye ọmọ Ilé kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Ti Èkó jẹ́ 40, ti Ọ̀yọ́ jẹ́ 32, ti Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì jẹ́ 26 níbì kọ̀ọ̀kan, ti Kúwárà sì jẹ́ 24. Ẹkùn ìdìbò kan ni ó ń yan ọmọ Ilé kan. Ọdún mẹ́rin ni Ilé ń lò kí a tó dìbò mìíràn. Láti ọdún 2018, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 25 lè du ipò náà. Ṣáájú ìgbà náà ó di ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá, ó ó kéré tán, ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀.

Òfin wí pé Ilé gbọ́dọ̀ jókòó, ó kéré tán, ní ọjọ́ 181 láàárín ọdún kan. Bí ọmọ Ilé kan bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láàárín ọdún láì ní ìdí pàtàkì, àyè rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí aṣòfin yín tí ń káàkiri òde ìnáwó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tó yìn ín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ilé kò jókòó lọ́sẹ̀ yìí ni?"

Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni òfin ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ ológun, owó títẹ̀ àti ẹnubodè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí ó kan ìgbé ayé wa lójoojúmọ́ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀: ilẹ̀, oko, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, oyè jíjẹ, ọjà, gbígba owó orí àti ọ̀nà tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀.

Òfin kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Ó ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbá. Gómìnà lè mú àbá wá, ọmọ Ilé kan náà sì lè mú un wá. A ó kà á nígbà àkọ́kọ́ kí gbogbo Ilé lè mọ̀ pé ó dé. A ó kà á nígbà kejì, a ó sì jiyàn lé e lórí bóyá ó dára. Lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ kékeré kan nínú Ilé yóò gbé e yẹ̀ wò ní ẹsẹẹsẹ, ó sì lè pe gbogbo ènìyàn láti wá sọ tẹnu wọn. Lẹ́yìn èyí ni a ó kà á nígbà kẹta, tí Ilé yóò fi ọwọ́ sí i, tí a ó sì gbé e lọ fún Gómìnà. Gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi ọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé sì tún fi ọwọ́ sí àbá náà, ó ti di òfin, bí ó wu Gómìnà bí kò wù ú.

Ẹ ó ti rí èso iṣẹ́ yìí láì mọ̀ pé òun ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kíá ni àríyànjiyàn dé láti Àbújá pé irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní òfin tí ó gbé e ró. Ìlù àti ijó kò lè dáhùn ìbéèrè náà, ọkọ̀ tuntun àti aṣọ ẹ̀ṣọ́ kò lè dá a lóhùn. Àwọn aṣòfin ni ó dá a lóhùn: láàárín oṣù díẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí ṣe òfin tí ó fún ẹ̀ṣọ́ náà ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹran tí ń jẹ oko. Èkìtì ṣe òfin lórí fífi ẹran jẹko káàkiri ní ọdún 2016, Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2019, Oǹdó àti Èkó ṣe tiwọn ní ọdún 2021. Àgbẹ̀ tí màlúù bá jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lónìí ní òfin tí ó lè tọ́ka sí níwájú adájọ́.

Iṣẹ́ kejì ni ọ̀rọ̀ owó, níbẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Abala 120 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ wí pé gbogbo owó tí ó bá wọlé fún ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀ láì jẹ́ pé òfin fún un ní àṣẹ. Kí ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀, Gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ètò ìṣúná wá síwájú Ilé: èyí ni owó tí a ń retí, èyí sì ni ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ìgbà tí àwọn aṣòfin bá tó fi ọwọ́ sí i ni ó tó di òfin. Aṣòfin tí ẹ yàn lè bèèrè pé, "Èé ṣe tí owó ọkọ̀ ìjòyè ìjọba fi ju owó oògùn lọ?" Ó lè bèèrè pé, "Àgbègbè tiwa dà nínú ìwé yìí?"

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìletò kan tí odò là láàárín. Ọ̀nà ìpínlẹ̀ ni ó gba ibẹ̀ kọjá, afárá rẹ̀ sì ti jẹrà. Bí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ tí ó ń kó kòkó kò lè kọjá, àwọn oníṣòwò sì ń dín owó kòkó kù nítorí wàhálà ọ̀nà. Ní òru ọjọ́ kan, aboyún kan ń rọbí, odò sì kún. Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ń wá ibi tí ó ṣeé là. Ẹ̀yin tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí nílé mọ bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe lè parí.

Ní ọdún ìdìbò, aṣòfin wá sí ìletò náà pẹ̀lú ogún àpò ìrẹsì. Wọ́n lu ìlù, wọ́n sì gbàdúrà fún un. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè pé, "Nígbà tí ẹ fi ọwọ́ sí ètò ìṣúná lọ́dún tó kọjá, ṣé afárá wa wà nínú rẹ̀? Bí kò bá sí, ṣé ẹ dìde sọ̀rọ̀? Bí ó bá sì wà, iye wo ni a kọ sí i, ta ni ó gba iṣẹ́ náà, èé sì ti ṣe tí kò sí òkúta kan ṣoṣo lójú odò?" Ìbéèrè mẹ́ta péré ni ó dúró láàárín ìletò náà àti afárá tuntun, wọn kò sì bèèrè rẹ̀. Ìrẹsì tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Odò wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kẹta ni àbójútó. Kò tó kí a kọ owó sínú ìwé. Ó yẹ kí a tẹ̀ lé e títí dé ibi tí ó ń lọ. Abala 128 fún Ilé ní agbára láti wádìí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ná owó ìpínlẹ̀, kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìmọṣẹ́ àti ìfiṣòfò. Wọ́n lè ránṣẹ́ pe ènìyàn láti wá jẹ́rìí àti láti mú ìwé rẹ̀ wá. Bí ó bá kọ̀, wọ́n lè fi ìwé àṣẹ mú un wá. Bákan náà ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní olùyẹ̀wé owó àgbà tí ń yẹ gbogbo ìwé ìnáwó ìjọba wò. Kì í ṣe Gómìnà ni ó ń gbé àbọ̀ rẹ̀ fún. Ilé ni ó ń gbé e fún, láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé owó ìpínlẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Gómìnà kò sì lè dá nìkan yọ ọ́ nípò. Àní kọmíṣọ́nnà tí Gómìnà bá yàn kò lè jókòó sórí àga títí Ilé yóò fi wò ó, tí wọn yóò sì fi ọwọ́ sí i. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí àwọn aṣòfin bá dìde kí ìjòyè tí a fẹ́ yàn, tí wọ́n ní kí ó tẹríba kí ó sì máa lọ láì bi í ní ìbéèrè kan, igi gogoro náà yóò gún gbogbo wa lójú.

Òtítọ́ ni pé nígbà púpọ̀, Ilé kì í lè sọ̀rọ̀ sókè níwájú Gómìnà. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ọwọ́ Gómìnà ni wọ́n ti ń gba owó tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́. Nítorí èyí ni a ṣe tún Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ṣe ní ọdún 2018, pé kí owó tí ó bá jẹ́ ti Ilé máa lọ tààrà sí ọwọ́ Ilé. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè fún ènìyàn ní ìgboyà. Aṣòfin tí ó mọ̀ pé àwọn ará ilé òun ń wo òun ni yóò lè dìde dúró.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé agbára aṣòfin kò ní ààlà. Wọ́n lè yọ Gómìnà tí ó bá hùwà àìtọ́ tí ó wúwo, ṣùgbọ́n abala 188 ti la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ: ìwé ẹ̀sùn, ìdìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìgbìmọ̀ ẹni méje tí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yàn, àti àyè fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láti gbèjà ara rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní oṣù kejìlá ọdún 2005, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 lọ jókòó sí ilé ìtura kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ Gómìnà Rashidi Ladoja. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006 wọ́n kéde pé àwọn ti yọ ọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò dín ní 22. Méjìdínlógún kò tó o. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìyọnípò náà ní oṣù kọkànlá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, Gómìnà náà sì padà sórí àga rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mọ́kànlá tí ìpínlẹ̀ náà fi wà nínú ìdàrúdàpọ̀ nítorí pé àwọn tí ń ṣe òfin kò tẹ̀ lé òfin.

Ohun tí ó burú ju èyí lọ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn gbé àga lu ara wọn nínú Ilé ní Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá sì tú wọn ká. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìjọba àpapọ̀ kéde ètò pàjáwìrì, wọ́n sì fi alákòóso kan sípò. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, gbogbo ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn kò ní aṣojú kan tí ó lè sọ̀rọ̀ fún un nínú Ilé tirẹ̀. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Nígbà tí aṣòfin bá gbé àga dípò kí ó gbé àbá, ohùn ará oko ni ó kọ́kọ́ ń dákẹ́.

Ẹnì kan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ṣùgbọ́n òfin kò ṣeé jẹ. Ebi ń pa ọmọ mi lónìí, ìrẹsì aṣòfin sì ni mo rí." N kò ní fi ẹni náà ṣẹ̀sín. Ohun tí mo fẹ́ kí ó rò ni èyí: owó tí ó wà nínú àpótí ìpínlẹ̀, owó rẹ̀ ni. Owó orí tí ó san àti owó tí ó san ní ọjà wà nínú rẹ̀. Ìpín tí ó tọ́ sí i nínú owó epo rọ̀bì ilẹ̀ yìí pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ìrẹsì tí ó gbà kì í ṣe ẹ̀bùn. Èérún kékeré ni nínú ohun ìní tirẹ̀, ó sì fi gbogbo àpótí sílẹ̀ nítorí èérún.

Kí wá ni kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Èkíní, ẹ mọ aṣòfin yín. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ẹkùn ìdìbò yín, ẹ sì mọ ìgbìmọ̀ kékeré tí ó wà nínú Ilé. Ẹ má ṣe gbé e pọ̀ mọ́ àwọn tí ó lọ sí Àbújá, tàbí mọ́ káńsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹlòmíràn ni ẹ ó bi. Bí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, òun ni.

Èkejì, ẹ kọ ìwé. Ẹ jọ jókòó níhìn-ín, kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ ní kúkúrú, kí gbogbo yín sì fi ọwọ́ sí i tàbí kí ẹ tẹ ìka. Ẹ fi í ránṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kí ó lè bá ètò ìṣúná ọdún tí ń bọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ilé ìkàwé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń fò lọ bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ìwé tí a bá fi pamọ́ ń dúró de ọdún ìdìbò.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí Ilé bá pe gbogbo ènìyàn láti wá sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin kan tí ó kan yín, ẹ rán ènìyàn lọ. Bí àwọn àgbẹ̀ kò bá lọ síbi tí a ti ń ṣe òfin àgbẹ̀, ẹlòmíràn yóò gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Bí àwọn ìyálọ́jà kò bá lọ síbi tí a ti ń ṣe òfin ọjà, wọn yóò kàn gbọ́ iye tí a ní kí wọ́n máa san ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó rán ènìyàn lè pè é padà. Abala 110 wí pé bí ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn kan bá fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú aṣòfin àwọn mọ́, tí àjọ elétò ìdìbò sì rí i pé òótọ́ ni, wọn yóò pe ìdìbò láàárín 90 ọjọ́. Bí èyí tí ó pọ̀ jù bá wí pé kí ó máa bọ̀ nílé, àyè rẹ̀ ti bọ́. Ọ̀nà yìí kò rọrùn, kò sì yẹ kí a máa fi ìbínú ọjọ́ kan tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dára kí aṣòfin mọ̀ pé ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sì pọn dandan, ìbò ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ń bọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé yín bi í nígbà náà.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn bàbá wa ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ̀yin ni ẹ rán aṣòfin níṣẹ́, kì í ṣe Gómìnà, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ̀yin ni ó yẹ kí ó máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ̀rù ẹni tí kò rántí iṣẹ́ tí ó rán an? Ní ọjọ́ tí aṣòfin yín bá tún wọ ìletò yìí, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ fún un ní omi mu, ẹ fún un ní àga jókòó, nítorí ọmọ yín ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì bi í pé, "Kọ́kọ́rọ́ tí a fi lé ọ lọ́wọ́ dà?"